Ẹ Tún Un Kọ

Bí a bá kọrin tán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà, ọ̀gá kọ́ọ̀yà wa kì í yìn wá. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ tún un kọ." Gbogbo ìdánrawò wa ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ sórí láàpútọ́ọ̀pù wọn, títí kan èyí tí ohùn wa ò bára mu.

Nígbà tí láàpútọ́ọ̀pù náà kún, mo bá wọn lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra háàdì díìsìkì tó gba nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á ò fẹ́ kí wọ́n náwó lásán.

"Dádì, ẹ yọ àwọn orin tí ẹ ò lò mọ́ kúrò, àyè á wà."

Wọ́n ní, "Àwọn tó ti sùn nínú Olúwa wà níbẹ̀. Ta ni kí n yọ nínú wọn?"

Èyí tó tóbi jù ni ọkùnrin náà gbé jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú ọ̀gá wa, a ṣí láàpútọ́ọ̀pù náà, à ń wá ohùn tiwọn. Wọn ò bá wa kọrin níbì kankan. Ìgbà tí orin kan parí la tó gbọ́ wọn: "Ẹ tún un kọ."

A dìde, a tún un kọ. Kò sẹ́ni tó rántí gbà á sílẹ̀.