Fọ́tò Inú Àpò Èlùbọ́

Bàtà mi kan ti bọ́, mi ò dúró mú un. Mo sáré gba àárín àwọn mọ́tò kọjá, mò ń pariwo, "Màmi! Ó ti bọ́ sí i! Ó ti bọ́ sí i!" Màmi jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn pinpin, wọn ò ṣí i. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, bóyá ẹnì kan ń lé mi bọ̀. Mo lẹ ìwé ọwọ́ mi mọ́ gíláàsì. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn dì mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Mo ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà! Èmi náà! Ẹ̀rù tó ń ba Màmi yẹn, ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ẹnu ara mi sọ ló fà á.

Nígbà tí gríìn káàdì mi pé ọdún márùn-ún, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ di ọmọ ìlú, wọ́n sì pè mí fún ìntáfíù. Màmi kìlọ̀ fún mi: "Wọ́n á mú ẹ búra o. Má purọ́ kankan." Ọ̀gá tó jókòó níwájú mi ń ka ìbéèrè wàrà-wàrà, èmi náà ń dáhùn, nó, nó, nó, títí ó fi bi mí bóyá mo ti wọ ẹgbẹ́ ológun kankan rí. Mo rántí ìbúra. Mo ní yẹ́ẹ̀sì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, ọmọ ogun Jésù ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwa ọmọdé. Kákí là ń wọ̀, a máa ń máàṣì lọ́jọ́ ìkórè.

Ọ̀gá náà gbójú sókè. "Ohun ìjà wo lo lò?"

"Idà, sà. Onígi ni. Káfíńtà ló gbẹ́ ẹ fún wa."

"Ta lẹ̀ ń bá jà?"

"Sátánì."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ, àwọn á kọ̀wé sí mi.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìròyìn jáde pé nítorí ààbò ìlú, ìjọba ní kí wọ́n dá fáìlì àwa tá a wá láti àwọn orílẹ̀-èdè kan dúró, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Lọ́yà wa ní, "Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ò burú. Ṣùgbọ́n ológun ló wà nínú fáìlì ẹ báyìí. Má rìnrìn àjò kankan. Máa mú káàdì ẹ dání."

Màmi délé, wọ́n yọ fọ́tò mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú kákí àti idà. "Ohun tí àwọn ìmígíréṣọ̀n máa kọ́kọ́ rí nìyí tí wọ́n bá wọlé!" Wọ́n fi náílọ̀n wé e, wọ́n rì í sínú àpò èlùbọ́. Látìgbà yẹn, ẹni yòówù kó kanlẹ̀kùn, à ń lọ lúgọ sẹ́yìn àga ni. Lọ́jọ́ kan Màmi ń fọ abọ́, wọ́n dá orin ọmọ ogun ìgbàgbọ́, wọ́n dé ìdajì, wọ́n fi ọwọ́ ọṣẹ bo ẹnu ara wọn.

Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pleasant Grove, ọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́ ìpè àwọn ìmígíréṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìwé tiẹ̀ pé ju tèmi lọ. Kò padà. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà ìpè tèmi dé, Màmi di báàgì fún mi: súẹ́tà, oògùn orí fífọ́, páńtì mẹ́ta. "Tí wọ́n bá dá ẹ dúró." Obìnrin ni ọ̀gá tọ̀tẹ̀ yìí. Ó ka lẹ́tà tí pásítọ̀ wa kọ láti Ìbàdàn nípa ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jésù náà, ó wá bi mí pé:

"Ogun yẹn, ta ló wá borí?"

"A ṣì ń jà á lọ́wọ́, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín! Ó lu òǹtẹ̀! Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n búra fún wa, ni mo bá kán lu pápá ìgbọ́kọ̀sí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ki ọwọ́ bọ àpò èlùbọ́ dé ìgúnpá, mo fa fọ́tò náà jáde. Màmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kò tíì yá jù? Wọ́n ní wọ́n lè gba ìwé ọmọ ìlú padà lọ́wọ́ èèyàn o."

"Màmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí níbẹ̀."

Mo tú náílọ̀n, mo fẹ́ èlùbọ́ kúrò lójú ara mi nínú fọ́tò náà, mo gbé e kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Màmi kàn fa kọ́tìnì wíndò dé, wọ́n wọlé lọ múra ibi iṣẹ́. Mo dúró títí mo fi gbọ́ omi balùwẹ̀, mo wá fa kọ́tìnì náà padà, mo ṣí i dé ìdajì.