Síbí Abẹ́ Ìtọ́kọ̀

Ní Tchaourou tiwa, bí ẹni tó lọ Mẹ́kà bá ń padà bọ̀ wálé, fèrè ọkọ̀ ló ń kéde rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ìlú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè. Nígbà tí orogún ìyá ọkọ mi dé lọ́dún tó kọjá, fèrè náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ mi mẹ́ta sá wọ oko kaṣú, méjì péré ló padà. Lọ́dún yìí, ó kan ìyá ọkọ mi.

Ọkọ mi fẹ́ kí ọkọ̀ wa àtijọ́ yẹ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, níta àti nínú. Ó tilẹ̀ tú ọ̀pá irin tó gbé ìtọ́kọ̀ tí awakọ̀ ń yí dúró, ó kùn ún, ó sì tò ó padà. Láti ọjọ́ náà ni fèrè ti dákẹ́.

Mẹkáníkì àdúgbò wa, tó máa ń fi Faransé pe ọkọ mi ní tonton bí ẹni pe àbúrò bàbá rẹ̀, wọ abẹ́ ìtọ́kọ̀, kò pẹ́ tó fi yọjú.

"Fèrè yín ò ṣàìsàn, tonton. Iná ń dé ibẹ̀, kò rí ọ̀nà padà ni. Inú ọ̀pá yìí ló ń gbà padà sára ọkọ̀. Irin gbọ́dọ̀ kan irin, ẹ sì ti fi ọ̀dà sáàrin wọn. Ẹ jẹ́ n ha á."

"Ha kí ni? Ọ̀dà tí mo kùn lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Díẹ̀ ni, tonton."

"Ọ̀dà kì í di fèrè lẹ́nu!"

Mẹkáníkì nu ọwọ́. "Ó dáa. Bí ẹ bá ti mú ọ̀kan nínú ọ̀dà àti fèrè, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ọjọ́ kejì ni a fẹ́ lọ gbé Màmá ní Parakou, níbi tó ti ń sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí ọkọ mi ṣe wọ balùwẹ̀, mo mú síbí kan, mo fi ìdí rẹ̀ ha ọ̀dà ara ọ̀pá náà níbi tí ojú kò lè tó. Kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Mo fi síbí so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì kan lára ọkọ̀ tí ọ̀dà kò kàn, mo wá na ọwọ́ kejì tẹ fèrè.

Ó ké.

Ọkọ mi sáré jáde tòun ti aṣọ ìnura, ọṣẹ lójú.

"Ẹ ò rí i! Kí ọ̀dà gbẹ ni fèrè ń dúró dè!"

Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn jù. Mo pa á dé. Ìyọnu kan ṣoṣo ni pé síbí náà kì í dúró fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò, a jábọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Màmá jókòó sẹ́yìn láàrin àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, èmi wà níwájú. Láti Tchatchou lójú ọ̀nà ni mo ti tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ sọnù. A dé ẹnu ọ̀nà ìlú, àwọn alùpùpù tó wá pàdé wa yí wa ká, ọkọ mi tẹ fèrè mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo kòtò, síbí a yẹ̀, fèrè a dákẹ́, màá dá a padà.

"Ó ń mí ni," ọkọ mi wí.

"Ìyàwó," Màmá pè mí láti ẹ̀yìn, "kí lo ń wá lábẹ́ ibẹ̀ látàárọ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

"Síbí ni mo dì mú, Màmá. Òun ló ń jẹ́ kí fèrè dún."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Màmá na ọrùn wo iwájú.

"Dì í mú dáadáa. A ò tíì kọjá ilé orogún mi."