Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Epo Dákẹ́ ní Ìfọ̀nyìn

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa ní Dahomey, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ epo kan nítòsí Ìfọ̀nyìn, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Ifangni nínú ìwé wọn. Lagbé ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ìfọ̀nyìn. Ọkọ mi a máa gbin àgbàdo àti gbágùúdá, a sì máa gun ọ̀pẹ kọ ẹyìn. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tí ń ṣa ẹyìn lórí tábìlì gígùn kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Àwọn àgbẹ̀ á gbé ìdì ẹyìn wá sí àgbàlá. Wọ́n á kó o sínú ìkòkò irin ńlá, ooru omi gbígbóná á sè é títí ẹyìn á fi máa já bọ́ lára ìdì. Tábìlì wa ló kàn. A ó ṣa òkúta àti ẹ̀gún kúrò, ẹyìn tó mọ́ á wá bọ́ sínú ẹ̀rọ tí ń gún un, á ti ibẹ̀ bọ́ sínú èyí tí ń fún un, epo á sì ṣàn lọ sínú àgbá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń tò lẹ́yìn ara wọn lójú ọ̀nà oko tóóró. Bí ẹni iwájú bá dúró, kò sí ibi tí ará ẹ̀yìn máa gbà kọjá.

Ẹ̀rọ wa sì máa ń dúró. Òkúta kékeré kan tó bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lè há a lẹ́nu. Igi ìdáná lè rin lẹ́yìn òjò, kí ooru má tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, kálukú a bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á lọ fún ọmọ lọ́mú, ẹlòmíràn á lọ ra àkàrà. Àwọn tí ń dáná kò ní mọ̀ pé iwájú ti dí, wọ́n á máa se ẹyìn lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá máa fi jí, ẹyìn sísè á ti ga bí òkìtì ọ̀gán, á ti tutù, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣà á. Ẹyìn tó bá ti tutù kì í fẹ́ tú epo sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá sùn síbẹ̀, epo rẹ̀ á kan.

Ó ń dùn mí, torí mo mọ ohun tí ojú ọkọ mi ń rí lórí ọ̀pẹ kí ẹyìn yẹn tó délẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ará Sakétẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀rọ bá dúró, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń mọ̀?"

Ó rò ó wò. "Mo máa ń mọ̀ bóyá yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́."

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún mi nìyẹn. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

Nítorí pé ooru kì í yé pariwo nínú ìkòkò, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kò ní pẹ́ nìyẹn. Kò sí obìnrin tó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí tábìlì, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àpò bo ẹyìn kí ó má bàa tutù, a ó sì lo àyè yẹn láti fọ tábìlì. Bí ó bá gbé ọwọ́ kan lé orí, ó máa pẹ́. Èmi fúnra mi á sáré lọ sọ fún àwọn tí ń dáná kí wọ́n fa igi sẹ́yìn, kí wọ́n má sì ti ìdì mìíràn sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni màá dé ẹnu ọ̀nà, màá ní kí àwọn àgbẹ̀ má tíì lọ kọ ẹyìn mìíràn. Kò pẹ́ tí ìdádúró tó ń gba odindi òwúrọ̀ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ fi di ohun tí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ẹ̀kọ tán lọ. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí i tí ẹ̀rọ jí, tí gbogbo ọwọ́ sì wà lórí tábìlì bí ẹni pé kò dúró rárá.

Ní ọdún kan, nígbà tí ẹyìn pọ̀ jù, ìgbànú awọ ńlá tí ń yí ẹ̀rọ já. Kuruwá là ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Faransé. Ó já ní òwúrọ̀, ó sì na ògiri bí pàṣán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀. Ará Sakétẹ́ wò ó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Kò gbé méjèèjì lérí rí.

Ìkòkò irin ti kún fún ẹyìn tó jinná. Àgbàlá kún. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́fù, jáde wá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó kàwé, ó sì mọ iyì ènìyàn. Ó bi ará Sakétẹ́ bóyá a lè rán awọ náà pọ̀.

"Mo ti rán an lẹ́ẹ̀kan rí," ni ìyẹn wí. "Ibi tí mo rán gan-an ló já. Tuntun wà ní Àjàṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá lọ nísinsìnyí, ọ̀la ló máa dé."

Sẹ́fù dúró, ó ń wo ìkòkò. "Bọ̀n, ó dáa," ó ní. "Ọkọ̀ ó lọ. Ẹyìn tó jinná yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kó o dànù, kí kálukú máa lọ ilé."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Sẹ́fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó o dànù. A lè gbé e lọ sí ẹkù."

Ẹkù ni kòtò tí a fi amọ̀ rẹ́ yíká, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí ẹ̀rọ tó dé. Sẹ́fù mọ̀ ọ́n. Ó tún mọ ohun mìíràn, torí ó bi mí pé, "Ẹkù ta ni? Ṣé ti ìyá ọkọ rẹ?"

"Tiwọn ni."

"Ṣé wọ́n á gbà?"

"N kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n."

Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹkù ìyá ọkọ mi, lẹ́bàá odò lẹ́yìn ilé wa, ni gbogbo àdúgbò ti ń fún epo. Obìnrin tó bá fẹ́ fún epo a máa wá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ẹyìn yí ojú sí ibòmíràn, koríko hù létí ẹkù, ọ̀pọ̀lọ́ kó sínú rẹ̀. Ìyá kò bá mi jà nítorí pé mo lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò bi mí léèrè rí pé iṣẹ́ ń kọ́. Ìyẹn sì le ju ìjà lọ.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ti dákẹ́," ni wọ́n wí kí n tó la ẹnu. "Láti ibí ni mo ti gbọ́ pé n kò gbọ́ ọ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹyìn jíjinná wà nínú ìkòkò, wọ́n sì fẹ́ dà á nù. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ ṣí ẹkù fún wa."

Wọ́n ń bó gbágùúdá lọ. "Ẹyìn ta ni?"

"Ti gbogbo wa ni, Ìyá. Tọkọ mi wà níbẹ̀. Ti àwọn àgbẹ̀ Ko-Koumolou náà wà níbẹ̀."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Gbọ́, ìyàwó mi. Èkùrọ́ àti ìhá tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn epo, ti àwọn obìnrin tó bá tẹ ẹyìn ni, bó ṣe wà látijọ́. Ọkùnrin kankan láti ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró lé wa lórí pé ká yára. Kí ọ̀gá yín sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tọrọ àyè. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn."

Bí mo ṣe ń padà lọ, mo ń ronú bí màá ṣe sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. N kò bù ú kù, n kò fi iyọ̀ sí i. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Sẹ́fù wojú mi díẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi. Nígbà tí a débẹ̀, ó bọ́ fìlà náà, ó lóṣòó níwájú ìyá ọkọ mi.

"Ìyá, ẹ kú ilé. Mo wá tọrọ àyè ní ẹkù yín. Ohun tí ẹ sọ, mo gbà á."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹyìn ń tutù."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo to àwọn obìnrin tábìlì mi láti ẹnu ìkòkò títí dé etí odò. Àwọn kan ń gbé apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé bò, àwọn kan ń tu koríko, wọ́n ń fọ ẹkù, àwọn kan ń pọn omi. Ìyá ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n ti jọ ń tẹ ẹyìn láti ìgbà èwe. Wọ́n wá, wọ́n ká aṣọ sókè dé orúnkún.

Bí apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe dé, mo ní kí wọ́n dà á sínú ẹkù kíá, torí ohun tí ẹ̀rọ kọ́ mi ni pé ẹyìn gbígbóná ló dára. Ìyá na ọwọ́ síta.

"Dúró," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ kò ní ẹsẹ̀. Ṣé o fẹ́ bó wa láwọ̀ ni? Jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà."

A dúró. Èmi tí mo ń sá fún ìdádúró láti àárọ̀, mo dúró tì wọ́n, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ ẹyìn náà. Nígbà tí Ìyá mi orí pé ó tó, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn wọ inú ẹkù, wọ́n di ara wọn mú léjìká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn tí a rò pé ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọge.

Kò pẹ́ tí mo rí i pé wọ́n ti dúró nínú ẹkù, wọ́n ń dúró de omi. Àwọn tí ń pọn omi kò tó. Mo fa àwọn kan kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀, mo fi wọ́n kún wọn. Nígbà tí omi wá pọ̀, apẹ̀rẹ̀ dín kù, mo tún dá méjì padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀. Bí omi ṣe ń wọ ẹkù, ìfófòó epo ń ru sókè, pupa fòò. Àwọn obìnrin ń fi igbá gbọ́n ọn sínú ìkòkò tó wà lórí iná. Ará Sakétẹ́ tilẹ̀ wá bá wa la igi. Kò dúró lé ẹnikẹ́ni lórí, igi ló kàn ń là.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi jókòó sí etí ẹkù, wọ́n ń fi ìhá nu ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ọjọ́ òní ni mo fi ń wò ọ́. Ṣé iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ohun tí mò ń ṣe nìyí."

"N kò mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rò pé òkúta lásán lo ń ṣà."

Mo ti gba oríyìn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi. N kò rò pé èyíkéyìí wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, kuruwá tuntun dé, ẹ̀rọ jí. Sẹ́fù bu epo ẹkù sínú àwo funfun kan, ó bu ti ẹ̀rọ sínú òmíràn, ó sì pè wá kí a wá wò ó. Ti ẹkù pọ́n ju ti ẹ̀rọ lọ, kò sì kan. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹnu mi ni kí gbogbo ènìyàn máa wò, títí kan àwọn tí ń dáná. Ọ̀kan nínú àwọn yẹn kùn pé obìnrin kò lè pàṣẹ kí òun yọ igi. Ará Sakétẹ́ dá a lóhùn pé, "Èmi ń gbọ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ṣé apá mi ti gé?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ó sì di àṣà. Bí ìdádúró bá ti máa pẹ́, ẹyìn jíjinná á lọ sí ẹkù, èkùrọ́ àti ìhá á sì jẹ́ ti àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìkòkò irin wa jò, tí gbogbo ilé ẹ̀rọ dákẹ́, mo sáré jáde láti lọ pè wọ́n, mo sì bá wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Mo bá ìyá ọkọ mi lọ sí ọjà nígbà kan lẹ́yìn náà. Obìnrin kan tí kò mọ̀ mí bi wọ́n pé ta ni mí. "Ìyàwó mi ni," ni wọ́n wí. "Òun ló ń dá ẹ̀rọ epo dúró."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo sọ sí wọn létí pé, "Ìyá, èmi kọ́ ló ń dá a dúró. Bí ó bá dúró ni mò ń mójú tó o."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń yan ata lọ. "Jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ."