Epo Tó Kù Nínú Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gégi, tó fi ń la pákó nínú igbó ẹ̀bá Ṣakí, pẹ́ láyé ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló pa á. Abẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sí lẹ́yìn ìsìnkú, n kò sì fẹ́ fojú kàn án mọ́. Bí mo bá gbọ́ ti ẹlòmíràn lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀, bíi pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀.

Afẹ́fẹ́ òjò àkọ́rọ̀ ló fà á tí mo fi tún fọwọ́ kàn án. Ó la igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì fara ti òrùlé yàrá opó náà, kò já, kò sì dúró. Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ kó kó wá sí ilé ìyá wa. Ó kọ̀. Ó wà nínú tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé, ó ní ilé tí ọkọ òun kú sí lòun máa jókòó sí títí ọjọ́ yóò fi pé. Àfáà fúnra rẹ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé pé Ọlọ́run kò ní kí ènìyàn jókòó ti ewu. Opó náà gbọ́, ó dúpẹ́, kò sì dìde. Oríkunkun rẹ̀ bí mi nínú gan-an. Bí ojú ọ̀run bá sì ti ṣú, àyà mi á máa já.

Àwọn agégi tó kù ti wọ igbó lọ, a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n á dé. Ni mo bá ní kí ìyàwó wa, opó náà, gbé ẹ́ńjìnnì náà fún mi lójú fèrèsé. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló fi wé e. Mo ṣí táńkì: epo kún un, òórùn rẹ̀ ṣì múná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kan wà lábẹ́ ìdérí, tí wọ́n fi dí i pinpin kí epo má bàa fẹ́ lọ. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ọ̀wọ́n epo yìí? Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ló fi síbẹ̀, n kò sì fẹ́ tú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Mo dá a padà bó ṣe wà.

Mo fa okùn, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó wa sáré wá sójú fèrèsé. Bí mo ṣe ki irin rẹ̀ bọ igi, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó kú. Mo tún fà á, kò jẹ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún. Mo fọ fílítà, mo tú kabúrétọ̀, mo fẹ́ ẹ. Bí mo bá ṣe gbogbo èyí tán, á jẹ́, á sì tún kú. Bàbá kan ládùúgbò wa, tí kò mọ ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ọlọ, ní olóhun tó ti kú ni kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí mi wú. Nígbà tí ó tún kú, mo gbọ́ igbe kékeré kan láti inú yàrá, ẹ̀rù sì bà mí tòótọ́. Ó dà bíi pé mo ń pa ẹ̀gbọ́n mi léraléra létí aya rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo ní kí n wo bí epo ṣe kù sí. Bí mo ṣe yí ìdérí, táńkì náà fa èémí, èémí gígùn, bí ẹni tí wọ́n dí nímú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Ìgbà tí àyà mi balẹ̀ ló yé mi: ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọ̀rá náà ló dí i, tí epo kò fi lè ṣàn wọ ẹ́ńjìnnì mọ́. Kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Mo pe ìyàwó wa, mo ní mo ti rí ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n mi fi síbẹ̀ ni mo fẹ́ yọ dànù. 

"Ọkọ mi, èmi ni mo fi síbẹ̀," ó ní. "Epo tí wọ́n rà kẹ́yìn nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó tán."

Mo ní màá lọ ra òmíràn, màá da èyí sínú ìgò fún un. Ó wo igi tó wà lórí òrùlé rẹ̀, ó wo ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n má dà á, pé torí iṣẹ́ ni ọkọ òun ṣe rà á.

Mo yọ ọ̀rá náà. Ẹ́ńjìnnì ké, kò sì kú mọ́. Àwọn ọkùnrin ilé fi okùn fa igi náà sẹ́yìn, èmi ń gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ewé nìkan ló bọ́ sórí páànù. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo na ìka kí n pa á. Ìyàwó wa gbọ́wọ́ sókè lójú fèrèsé.

"Ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kí epo jó tán fúnra ẹ̀."

Mo gbé ẹ́ńjìnnì náà dúró sábẹ́ fèrèsé, n kò gé nǹkan kan, omijé ń dà lójú mi, àwọn ará ilé ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìyàwó wa fi orí ti etí fèrèsé, ó dijú, ó ń gbọ́. Ohùn náà ga lójijì, bó ṣe máa ń ṣe bí epo bá fẹ́ tán, ó sì dákẹ́. Ìyàwó wa na ọwọ́ jáde, ó gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún un pé ó gbóná, pé yóò jó o. Kò gbé ọwọ́ kúrò.