Ìbọn Bàbá Wa ní Ilé Ẹ̀tù

Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá gba iwájú ilé náà kọjá lórí ọ̀kadà zémì lónìí, ṣe ni mo máa ń yí ojú sí òdìkejì, nítorí mo mọ ara mi, mo lè bọ́ sílẹ̀ kí n lọ bá ẹnì kan jà.

Ilé Ẹ̀tù ni gbogbo wa ń pe àdúgbò yẹn ní Ṣakẹ́tẹ́. Láyé àwọn Faransé, ibẹ̀ ni àwọn sọ́jà wọn ń kó ìbọn, ọta àti ẹ̀tù sí. Ilé tí àwọn sọ́jà ń gbé tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ẹ̀tù fúnra rẹ̀ sì wà láàárín, ògiri rẹ̀ nípọn, kò ní fèrèsé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewúrẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń sá àgbàdo síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá sí i. Àfi bí àwọn ìjọba ṣe dé lójijì, tí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, tí wọ́n gbin òdòdó, tí wọ́n ní ó ti di ibi tí àwọn àlejò yóò máa wá wò. Wọ́n lé ewúrẹ́, wọ́n lé àwọn obìnrin náà. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá, ló ní ká lọ wò ó. Pọbẹ̀ ló ń gbé, ó ti dàgbà gan-an, orúnkún ń dùn ún, kì í sì í jáde mọ́ àyàfi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó gbé e dìde ni pé ó gbọ́ pé wọ́n ti kó àwọn ìbọn àtijọ́ síta nínú ilé náà. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ìyẹn bàbá bàbá mi. Nígbà tí òun ṣì kéré, àwọn sọ́jà wá sí abúlé wa lọ́nà Ìgánà, wọ́n gba ìbọn ọwọ́ gbogbo ọdẹ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Bàbá àgbà lọ bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dá a lóhùn. Ó kú láìfojú kan ìbọn rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ọdẹ lè rò pé irin lásán ni. Nílé tiwa, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìpà fún un. Wọ́n á kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ìbọn rẹ̀ hàn án, wọ́n á sọ fún un pé ó ti bọ́ nínú ẹgbẹ́, kó máa lọ, wọ́n á wá gbé ẹrù náà lọ sínú igbó. Bí kò bá sí ìbọn, àwọn ọdẹ tiwa kì í ṣe é. Nítorí náà wọ́n sin bàbá àgbà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe ìpà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń lá àlá kan náà: bàbá rẹ̀ dúró létí igbó, èjìká rẹ̀ ṣófo, kò lè wọlé, kò lè lọ. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ bàbá náà. Ó sọ fún mi pé òun ò fẹ́ kú kí òun lọ bá a lórí ìdúró.

A wọ mọ́tò lọ. Arábìnrin kan tó ń mú àlejò kiri ló mú wa wọlé. Faransé ló ń sọ fún àwọn òyìnbó tó wà níwájú wa, kò sì yí i padà nígbà tó kàn wá, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ó sọ bí àwọn sọ́jà ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, irú fìlà tí wọ́n ń dé. Èmi ń retí kó kan àwọn tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Kò débẹ̀.

Inú àpótí gíláàsì ni àwọn ìbọn wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró, ó gbá ọwọ́ mi mú. Ìbọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi oje igi lẹ ìlẹ̀kẹ̀ pupa wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí òun ni. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni bàbá òun fi ìbọn náà pa ẹfọ̀n, pé nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ òun já, bàbá òun ṣa á nílẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn náà. Ó ní gbogbo ìgbà tó bá ti igbó dé ni òun máa ń fọwọ́ pa á.

Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀. Mo kà á sínú, ara mi gbóná. Wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé ìbọn ọlọ̀tẹ̀ ni, pé oògùn ìkà ni ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ọwọ́! Mi ò lè túmọ̀ irú ìyẹn fún un. Mo ní wọ́n kọ ọ́ pé ìbọn ọdẹ ni.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí búrò tí ọ̀gá wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, ti ń ṣiṣẹ́. Ṣakẹ́tẹ́ níbí ni wọ́n bí ọkùnrin náà, bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ ń ná ọjà Ìta-Ìjẹ̀bú ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbọn náà fún un ní Yorùbá, mo ní kó dá a padà fún wa, ó ń dá mi lóhùn ní Faransé. Ó ní ohun ìjọba ni, kò gbọdọ̀ jáde. Mo bi í pé ta ló tà á fún ìjọba. Ó ní kí n má pariwo ní búrò òun. Ni mo bá kúkú pariwo. Mo sọ fún un pé bí olè bá kun ilé tó kó ẹrù sí ní ọ̀dà funfun, olè náà ló ṣì ń jẹ́. Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó wà níta ti ń yọjú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló dá mi dúró. Ó ti fa àga, ó ti jókòó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi," ó sọ fún ọkùnrin náà, "mi ò ní kí o gbé e fún mi. Ṣáà bá mi ṣí àpótí yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn ọdẹ ṣe ìpà bàbá mi níwájú rẹ̀. Bí ìbọn ò bá lè wá bá bàbá mi, bàbá mi á wá bá a níbí."

 Ọkùnrin náà bi í pé ṣé àwọn ọdẹ máa wọ aṣọ ọdẹ wá. Ìyá ní wọ́n á wọ̀ ọ́. Ó bi í pé ṣé wọ́n máa kọrin. Ìyá ní wọ́n á kọ ọ́. Ojú rẹ̀ là, ó ní kò burú, òun á ṣí i. Mo rí i kedere pé ó fẹ́ fi wá ṣe ìran wò fún àwọn àlejò, mo la ẹnu, àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ọdẹ wá láti Ìgánà àti Ìta-Ìjẹ̀bú. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ dání, ohun tó kù nínú ẹrù bàbá àgbà ló wà nínú rẹ̀: àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀, fìtílà tó máa ń gbé dẹ ìgbẹ́ lóru. Wọ́n gbé e ka iwájú àpótí tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Olórí wọn sun ìrèmọ̀jé, ó pe bàbá àgbà lórúkọ, ó kì í, ó ní ìbọn rẹ̀ nìyí, kó gbé e kọ́ èjìká, kó má bá àwọn dẹ igbó mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọwọ́, ó fi ìka pa àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Foonu ló yí wa ká. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò, ọkùnrin búrò náà sì ń sọ fún ọdẹ kan pé kó yàgò díẹ̀ kí òun lè rí ojú ìyá náà dáadáa. Mo ti gbá foonu ọwọ́ rẹ̀ dànù kí n tó mọ̀. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì ní tọrọ ẹ̀ láé. Àwọn ọdẹ ò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ wa. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde kúrò ní ìlú, wọ́n gbé e sílẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì padà láìbojú wẹ̀yìn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkùnrin yẹn pè mí. Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ náà, Yorùbá tó dùn bí oyin. Ó ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, ṣé a lè wá tún ìpà náà ṣe, kí ìyá sì sunkún bó ṣe sun ún ní ìjọsí. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Pọbẹ̀ ni mo wà. Èébú kún ẹnu mi débi pé mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ fi bú u.

Ìyá ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní. Ó bi mí pé ta ni, kí ló fẹ́. Mo sọ ọ́ fún un bí ọkùnrin náà ṣe wí i gẹ́lẹ́. Kò gbójú sókè. Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú abọ́.

"Sọ fún un pé bàbá mi ti lọ," ó ní. "Mi ò rí i létí igbó mọ́."