Àga Tó Dún Nínú Àwo

Mo rántí ìró àga kan kí n tó rántí ojú ẹni tó jókòó lé e. Ìró kékeré ni, kíún, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ní ìparí ojú kejì àwo orin kan tó ti dàgbà jù mí lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi léèrè: ṣé etí mi ló gbọ́ ọ ni àbí ìfẹ́ ọkàn mi?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Laurel, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, District Heights tó wà nítòsí rẹ̀ sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ti gba oyè kejì ní yunifásítì kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí ṣe ní Maryland ni kí n máa wẹ àwọn àgbà, kí n sì máa fún wọn lóúnjẹ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ń kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀, bí ẹni pé wọn yóò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìdájọ́.

Bàbá kan wà nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùtọ́jú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Washington. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, inú gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn olórin jáàsì kan ti gba àwo bosanófà kan sílẹ̀: ìlù Bùràsíì tó rọra ń rìn, gìtá, àti sasofóònù tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Àwo náà lókìkí káàkiri ayé. Bàbá ní òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń dún ṣìì bí ejò, nítorí náà òun pa á, òun sì gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, òun jókòó lé e kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Bí orin ìkẹyìn ti ń parí lọ, òtútù mú òun gbọ̀n, àga sì dún. Àwọn olórin gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Orúkọ mi kò sí lẹ́yìn páálí àwo yẹn," ni bàbá máa ń wí, "ṣùgbọ́n mo wà nínú rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà wa, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a máa fi mí ṣẹ̀sín: "Ọ̀mọ̀wé, o tún ti ń kọ̀wé! Àga ló sọ̀rọ̀ lónìí ni àbí tábìlì?" Èmi náà gbọ́ àwo bàbá nínú yàrá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Mo gbọ́ ọ." Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ, "Bóyá." Irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn: mo ti sọ iyèméjì di ọgbọ́n, mo sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ kan, ilé ìkàwé kan ní Laurel pe olùkọ́ yunifásítì kan láti wá sọ ìtàn àwo náà. Bàbá bẹ̀ wá pé kí a gbé òun lọ. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí àwọn èèyàn gbọ́ àga rẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ló wa ọkọ̀. Mo kọ ọ́ pé Sátidé ni. Òun ní ọjọ́ Ìsinmi ni, nítorí pé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí òun.

Olùkọ́ náà fi sídì tuntun gbé orin ìkẹyìn sí i. Bàbá na ìka sókè, ó ń retí. Orin parí. Àga kò dún. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ ariwo kúrò kí wọ́n tó tún orin náà tẹ̀, àti pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan nípa àga. Ó ní ìrántí a sì máa tan àgbàlagbà. Ó wá yíjú sí mi: ǹjẹ́ èmi ti gbọ́ ọ rí?

"Kò dá mi lójú," ni mo wí.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bàbá kò wò mí. Ó sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ́n ti fọ̀ mí kúrò," ló sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. "Ìwọ yìí! Gbogbo ìwé tí o kà, ṣé kí o lè máa sọ pé kò dá ẹ lójú ni? Ta lò ń bẹ̀rù? Àwo bàbá ń bẹ nínú báàgì!"

"Sísítà, tí kò bá wá dún ńkọ́?"

"Kó má dún! Ṣáà gbé e sí i ná."

Giramafóònù àtijọ́ kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ṣe àfihàn, pẹ̀lú páálí pélébé tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ki okùn rẹ̀ bọ iná, mo gbé àwo bàbá lé e, mo sì fi abẹ́rẹ́ sí orin ìkẹyìn. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé sáré bọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà ti dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú gèlè rẹ̀, kò sì yẹra. Àwo náà ń ta pàrà pàrà bí ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ nínú iná. Orin rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà: kíún.

"Èmi nìyẹn!" ni bàbá kígbe.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ní ó lè jẹ́ ojú ibi tí àwo ti ha.

"Ọmọ mi, o ò sí níbẹ̀," ni bàbá dá a lóhùn. "Èmi ni òtútù mú."

Ó ti pẹ́ tí bàbá ti lọ sinmi lọ́run. Sídì náà ṣì ń tà, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ìwé tí olùkọ́ kọ lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan nípa àga. Àwo tó ha yẹn wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ nípa etí àti ìrántí, mo ti sọ ọ́ fún ara mi tán, n kò tilẹ̀ lè búra pé Sátidé ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan jókòó nínú òtútù kí orin lè mọ́ gaara. Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà, mo sì fa ilà pa ọ̀rọ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀: Mo gbọ́ ọ.