Àǹtí Tí Wọ́n Ní Démi Ò Ní

Ṣọ́ọ̀bù irun ni Àrìnpé Oyèkúnlé ní ní Flatbush, ní Brooklyn ní New York. Tẹlifíṣàn wà lára ògiri fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í wò ó. Ó ní irun dídì ò gba kí ojú máa rìn. Kànmí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí sí St. Albans ní New York kan náà, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ló gbé fóònù síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ẹ wo obìnrin yìí. Ó jọ mí."

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń ja júdò ni, Démi Adédàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹni tí wọ́n jọ ń jà ṣánlẹ̀, ó sì gba góòlù. Àrìnpé gbà pé imú wọn jọra lóòótọ́. Ó ti fẹ́ dá fóònù padà kí wọ́n tó fi bàbá ọmọ náà hàn láàárín èrò. Ọkùnrin náà ti ṣí fìlà, ó fi bo ẹnu. Bí Oyèníyì, àbúrò Àrìnpé, ṣe jókòó nìyẹn níbi ìsìnkú bàbá wọn ní Ìkirè.

Michael Adédàpọ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀.

Àrìnpé mọ Michael dáadáa. Ọ̀rẹ́ Oyèníyì ni. Òun ló gba físà Faransé, tó tún wá sọ pé òun ò lọ mọ́. Láìpẹ́ sí i ni Oyèníyì rìnrìn àjò. Ó pè lẹ́ẹ̀kan láti Paris pé òun ti gúnlẹ̀, ó sì di àwátì. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Ìyá wọn kú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́nu. Àrìnpé ti sunkún rẹ̀ bí ẹní sunkún òkú, òun náà nìyí tó sanra, tó ń wo ọmọ rẹ̀.

Ayọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ìfura ni. Ó yé e pé pásípọ́ọ̀tù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Oyèníyì fi wọ ìlú náà. Ohun tí kò yé e ni ìdí tí kò fi lè dọ́gbọ́n ránṣẹ́ sílé. Nínú ìwé ìròyìn tí Kànmí túmọ̀ fún un, Démi ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá òun, àti pé bàbá òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àrìnpé ronú sí i. Irọ́ tó ti ní ìlú, tó tún ní ilé, ẹni tó pa á ti ń gbé inú rẹ̀ tipẹ́. Ó kìlọ̀ fún Kànmí pé kó má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Kànmí ò gbọ́. Ó kọ̀wé sí Démi lórí Instagram, ó ní ó dà bíi pé ìyá òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Èsì tó gbà kò gùn. Démi ní bàbá òun ò ní ẹ̀gbọ́n, ó ní láti ìgbà tí òun ti gba góòlù ni mọ̀lẹ́bí ti ń hù bí olú.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Démi wá sí Brooklyn láti wá kọ́ àwọn ọmọdé ní júdò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa fìlà bojú. Ó ní Christina lorúkọ òun, òun fẹ́ dirun tó máa le mọ́rí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń gba imú jáde bíi ti àwọn Faransé.

Àrìnpé dá a mọ̀ kó tó jókòó. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Christina," ó sì mú òòyà.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹní ń ṣeré. Ìlú wo ni màdáámù ti wá? Àwọn mélòó ni ìyá wọn bí? Ṣé wọ́n ní ará ní Yúróòpù? Àrìnpé ń dáhùn díẹ̀díẹ̀. Ó ti rí i pé fóònù tó wà lórí itan ọmọ náà dojú sókè, kò sì mọ̀ bóyá ó ń gba ohùn sílẹ̀. Obìnrin kan wà lábẹ́ dáyà nítòsí, Àrìnpé ò sì mọ ẹni tí òun náà mọ̀.

Nígbà tó ku ìlà díẹ̀, ọmọ náà tú ọ̀rọ̀ síta. Ó ní Démi ni òun, kí Àrìnpé sọ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ bàbá òun. Kò dúró gba èsì. Ó pe bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta. Ó fi Yorùbá sọ fún un pé òun wà lọ́dọ̀ obìnrin kan ní New York tó ní òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

 Ọkùnrin náà ní, "Mi ò ní ẹ̀gbọ́n."

Ohùn Oyèníyì ni. Ọwọ́ Àrìnpé dúró nínú irun ọmọ náà. Bó bá pe orúkọ rẹ̀ báyìí, inú yàrá yìí ni ìwé tó fi ń gbé Faransé ti máa bàjẹ́, orúkọ tí wọ́n kọ sórí góòlù ọmọ rẹ̀ náà á sì di ìbéèrè. Ó tẹ̀ síwájú sí fóònù.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin kọ́ lẹni tí mò ń wá."

Kò tíì fi "ẹ" bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí láyé. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó sì pa fóònù.

Démi ń wò ó nínú dígí. "Bàbá mi ò béèrè orúkọ yín," ló sọ. "Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ta nìyẹn."

Àrìnpé ní kó dorí kọ ibí, ó sì di ìlà tó kù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà Faransé kan pe Àrìnpé. Kànmí ní kó má gbé e, ó ní àwọn gbájúẹ̀ ni. Ó gbé e. Oyèníyì ló ń sunkún. Kó tó kí i pàápàá, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní Démi ò jẹ́ kí òun sinmi látọjọ́ náà, òun sì ti sọ òótọ́ fún un. Ó ní ẹ̀rù ìmígíréṣọ̀n ló kọ́kọ́ pa òun lẹ́nu mọ́, nígbà tí ẹ̀rù yẹn sì lọ sílẹ̀, ìtìjú gba ipò rẹ̀.

Àrìnpé bi í pé, "Ṣé o mọ̀ pé Màámi ti kú?"

Ó ní òun gbọ́. Kò sọ ẹni tó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àrìnpé ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan nílé mọ ibi tó wà. Títí di òní, ó ń ṣa àwọn ará ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ẹni náà.

Oyèníyì kì í pè púpọ̀. Démi ló ń pè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá àgbà lágbára, bóyá èjìká tirẹ̀ náà fẹ̀, irú ẹ̀rín wo ló ń rín. Àrìnpé ní ìtàn lẹ́nu, ó sì fẹ́ràn láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé ta ló wà nítòsí.